Kọfí Tí Wọn Ò Mu Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ọmọbìnrin kan tó wé ìborùn pupa ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láàárín kòtò tí a ti ń wa fọ́sífétì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ó ń bú ẹnì kan láti òkèèrè, Rakan sì jókòó sórí táyà ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ń wò ó, kò mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń bú. Obìnrin kì í sọ̀kalẹ̀ wá sínú kòtò wa. Àwọn tó ń wa katakata ti dúró, wọ́n yọrí síta, kálukú ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ lò ń wa ọkọ̀ Mẹ́tàdínlógún?"

"Rakan lorúkọ mi."

"Ṣé mo béèrè orúkọ ni? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ lórí wókítọ́kì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Mo ti rò pé o kú ni."

Ohùn yẹn ni Rakan fi dá a mọ̀. Oṣù mẹ́fà ni ohùn náà ti ń sọ fún un pé kó wá, kó lọ, kó dúró, kó yà sọ́tùn-ún, láti inú yàrá onígíláàsì tó wà lókè létí kòtò, kò sì tíì rí olóhùn rí. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá arúgbó kan tó ń fa sìgá ni. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí táyà. Eruku funfun ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú àti eyín rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Wókítọ́kì mi ló já sínú tíì," ó ní.

"Inú tíì?"

"Mo ti yọ ọ́. Ó ṣì gbóná ni."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú padà kíákíá kí ọkùnrin náà má bàa rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó ti rí i. Láti ọjọ́ náà ni Wadha, ọmọ Bàbá Mifleh, ti ba iṣẹ́ Rakan jẹ́.

Níbi iṣẹ́ tiwa, ìfẹ́ kò ríbi sá pamọ́ sí. Gbogbo awakọ̀ ló ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ lórí wókítọ́kì, awakọ̀ mẹ́rìnlélógún, etí méjìdínláàádọ́ta. Rakan tó ti ń gba ojú ọ̀nà yẹn fún ọdún mẹ́rin wá di ẹni tí kò mọ̀nà mọ́ lójijì.

"Mẹ́tàdínlógún ló ń pe yàrá òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni kí n gbà lọ síbi tí à ń da ẹrù sí?"

"Èyí tó o gbà láàárọ̀."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀. Ẹ rọra sọ ọ́ fún mi."

"Yà sósì níbi òkìtì kejì. Má sáré o, afẹ́fẹ́ pọ̀ lónìí."

"Ṣé èmi lẹ̀ ń ṣọ́ báyẹn?"

"Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni mò ń ṣọ́."

Nígbà míì, àgbà awakọ̀ kan tí kò lè mú un mọ́ra mọ́ á já lu ọ̀rọ̀ wọn: "Rakan, jọ̀ọ́, fẹ́ ọmọ yìí, ká lè ráyè ṣiṣẹ́ wa!" Gbogbo kòtò á bú sẹ́rìn-ín. Wadha á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú á máa tì í lókè níbẹ̀ nínú gíláàsì rẹ̀.

Ẹni tó bá wọn bẹ bàbá rẹ̀ ni Mifleh, ẹ̀gbọ́n Wadha, tó ń wọn ilẹ̀ nínú kòtò kan náà. Bàbá wọn kò fẹ́ràn awakọ̀. Ó ní awakọ̀ kì í jókòó sílé, pé bí ọmọ òun bá máa sunkún, kó sunkún fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni Mifleh fi ń rọ̀ ọ́ kó tó gbà. Wọ́n wá dá ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, pé kí àwọn àgbà ilé Rakan wá tọrọ ọmọ. Alhájì Jazaa, àbúrò bàbá àgbà Rakan, ni yóò ṣáájú wọn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí láti oṣù tó kọjá, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa lọ. Wọ́n á gbé kọfí síwájú àgbà àlejò, á gbé e sílẹ̀ láìfẹnu kàn án, á sọ ohun tó bá wá. Tí inú onílé bá yọ́, á ní, "Ẹ mu kọfí yín, ẹ ti rí ohun tí ẹ wá gbà." Tí inú rẹ̀ kò bá yọ́, kọfí á wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú tó ṣáájú Jímọ̀ náà ni nǹkan dàrú.

Kò sí igi kankan nínú kòtò wa. Òjìji tó bá wà lọ́sàn-án, òjìji ọkọ̀ akẹ́rù ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré máa ń sá sí láti se tíì. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ní kí wọ́n kọ ọ́, èmi fojú ara mi rí i tó jókòó síbẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Mifleh gbé ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ Rakan, níbi tí dígí awakọ̀ kò dé, ó tan gáàsì kékeré, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Katakata ti ṣe tán láti bu ẹrù. Wadha wo ìsàlẹ̀ láti òkè, eruku ti bo gbogbo ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Mifleh, ṣé ẹ ti kúrò nínú kòtò?"

"Mo ti kúrò, àbúrò mi."

Kò tíì kúrò. Tíì rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó hó. Kò sí ẹni tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ wa; ẹni tó bá ní òun ti kúrò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtidìde ni. Wadha náà mọ̀. Ó máa ń bi àwọn yòókù lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí, ọkàn rẹ̀ sì ti wà lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Mẹ́tàdínlógún, kò sí nǹkan lẹ́yìn ẹ. Máa bọ̀ sẹ́yìn."

Rakan fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà ń han gooro bó ṣe máa ń han tó bá ń padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ariwo yẹn là ń gbọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, etí wa ò kà á sí mọ́. Ó rò pé òkúta ni táyà òun gùn. Igbe tó gbọ́ ló jẹ́ kó mọ̀.

Wọ́n gbé Mifleh lọ sí ilé ìwòsàn ní Ma'an. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ní àwọn á gé e, nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ fi irin sí i ná. Abúlé dàrú. Àwọn kan ní ó ti kú, àwọn kan ní Rakan ti sá kọjá ààlà, ìyẹn nígbà tí Rakan jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ wa, tí eruku ọjọ́ náà ṣì wà lára rẹ̀.

"Ta ló ní kó o rìn sẹ́yìn?" ọ̀gá náà bi í.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n rìn. Èmi ni mo rìn fúnra mi."

Wọ́n bi àwọn awakọ̀ mẹ́tàlélógún yòókù. Ọ̀kan ní òun ń jẹun lọ́wọ́. Ọ̀kan ní bátìrì wókítọ́kì òun ti kú. Àgbà awakọ̀ tó máa ń já lu ọ̀rọ̀ wọn ní etí òun ò gbọ́ràn dáadáa láti èṣí. Gbogbo wọn ló gbọ́ ohùn Wadha ketekete, kò sì sí ẹnìkan tó jẹ́wọ́ pé òun gbọ́ ọ.

Rakan pe Wadha lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nílẹ̀ wa, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé méjèèjì kì í fojú kan ara wọn títí àwọn àgbà á fi rí ọ̀rọ̀ náà yanjú, nítorí náà wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ lórí fóònù.

"Wadha, má sọ nǹkan kan. Tó o bá sọ ọ́, wọ́n á lé ẹ níbi iṣẹ́, ìyẹn gan-an kéré. Báwo lo ṣe máa wojú bàbá ẹ?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ọkùnrin lèmi."

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Mi ò mọ̀. Mo ṣáà sọ ọ́ ni."

"Rakan, ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Wadha ọkàn mi, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí," ó ní, ó sì pa fóònù.

Wadha jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ó bo òun, ó sì ń tijú pé inú òun dùn, lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i sí ọkùnrin náà, pé ta ló rán an níṣẹ́. Bí òun bá dákẹ́, Rakan á di ẹni tó fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun, bàbá wo ló sì máa fọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun fúnra òun ló fọ́ ọ. Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn, ibi kan náà ló ń bá ara rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ilé Rakan gbọ́dọ̀ rán àwọn àgbà wá bẹ̀bẹ̀ kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹta sì ni Jímọ̀. Àwọn àgbà méje tí wọ́n ti bẹ̀ pé kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó náà ni wọ́n tún bẹ̀ pé kí wọ́n wá tọrọ àforíjì. Agbádá tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ ni wọ́n wọ̀ wá fún ìkejì.

Ìyá Mifleh kò mọ ohun tí ì bá sè. Bí ó bá jẹ́ ìtọrọ ìyàwó, àgùntàn ni wọ́n ń pa. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, wọn kì í dáná kankan àfi ti kọfí, títí wọ́n á fi gbà. Àgùntàn tí wọ́n ti rà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ké. Èyí tó tún burú jù ni pé wọn ò tíì sọ fún Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Mifleh, nítorí àìsàn ọkàn tó ń bá a jà. Wọ́n ní Mifleh rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ sí Amman, olú ìlú.

"Ẹ̀yin wo ló ń gbààwẹ̀ lónìí?" Ìyá Àgbà ń pariwo láti yàrá. "Àlejò ti dé, àgùntàn ṣì wà láàyè! Ṣé kó lọ pa ara ẹ̀ ni?"

Ó bá mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó wà láàárín yàrá obìnrin àti pálọ̀ àwọn ọkùnrin, ó fi ìka ṣí i díẹ̀. Ó rí Alhájì Jazaa tó gba kọfí, tó gbé e sílẹ̀ láìmu. Ohun tí Ìyá Àgbà ti ń retí nìyẹn. Ó ké igbe ayọ̀ bí wọ́n ṣe ń ké e níbi ìgbéyàwó, gígùn, tó ń mì, gbogbo abúlé gbọ́.

Àwọn ọkùnrin sorí kọ́. Ìyá Mifleh sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o! Ṣé kì í ṣe ọmọ ọmọ mi ni wọ́n wá tọrọ ni?"

Alhájì Jazaa ọmọ ọgọ́rin ọdún dìde dúró. "Bàbá Mifleh," ó ní, "a ò wá wí àwíjàre. Ọmọ wa ló jẹ̀bi. Òun ló wa ọkọ̀, òun ló fọ́ ẹsẹ̀ ọmọ yín. Ohunkóhun tí ẹ bá dì lé wa lórí, a máa rù ú. Ẹ ṣáà fún wa lálàáfíà."

Bàbá Mifleh kò tíì la ẹnu tí aṣọ ìkélé fi ká sókè, Wadha sì jáde sáàárín àwọn ọkùnrin. Ọmọbìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Bàbá, ẹ má tíì dá wọn lóhùn."

"Wọlé lọ."

"Mi ò ní wọlé. Bàbá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ní kó rìn sẹ́yìn. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá wọ́n ti kúrò, wọ́n ní àwọn ti kúrò. Mo ní kí Rakan máa bọ̀. Mi ò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì." Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Rakan ló ní kí n má sọ."

Bàbá Mifleh wo Alhájì Jazaa. "Ẹ mọ̀ sí èyí?"

"Ọlọ́run ló mọ̀. Àwa ò mọ̀."

Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, bí ẹni pé àjèjì ni. Mi ò lè sọ pé ìbínú ló wà lójú rẹ̀, mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe ìbínú. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Ẹ jókòó," ó sọ fún àwọn àlejò, ó sì gbọ̀nà Ma'an.

Wákàtí kan ni àlọ, wákàtí kan ni àbọ̀. Àwọn àgbà méje jókòó síwájú kọfí wọn. Wọn kò lè mu ún, wọn kò sì lè dìde lọ. Kọfí tutù, eṣinṣin kan kó sí ti Alhájì Jazaa, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Nínú ilé, wọ́n ti wá sọ òótọ́ fún Ìyá Àgbà. Ọkàn rẹ̀ kò dá dúró o. Ẹnu rẹ̀ ló ṣí.

"Ẹ ní nítorí ọkàn mi! Kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn mi, irọ́ yín ló máa pa mí! Mifleh purọ́ pé òun ti kúrò, Rakan purọ́ pé òun ò gbàṣẹ, ẹ̀yin ní Mifleh wà ní Amman. Ọmọ yìí nìkan ló sọ òótọ́ nínú gbogbo yín." Ó fa Wadha mọ́ra. "Má sunkún mọ́, ẹyinjú mi. Tàbí kó o sunkún. Èmi gan-an ò mọ èyí tó yẹ."

Ní Ma'an, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá Mifleh bi ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn. "Níbo lo wà nígbà tó o ní o ti kúrò?"

Mifleh kọjú sí ògiri. "Ẹ̀yìn ọkọ̀ Rakan ni, Bàbá. Tíì mi ló ń hó lọ́wọ́."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí Bàbá Mifleh tó padà wọlé. Kò jókòó.

"Alhájì, mi ò ní àforíjì kankan láti fún yín," ó ní. Àwọn àgbà wo ara wọn. "Ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń forí jì. Ọmọkùnrin mi purọ́, ọmọbìnrin mi gba irọ́ gbọ́, ọmọ tiyín ló wá gbé e rù. Ó kù díẹ̀ kí n gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kí n bẹ̀. Ẹ má bínú." Ó nawọ́ sí àwọn ife. "Ẹ da èyí nù. Ẹ bu òmíràn wá."

Wọ́n bu kọfí gbígbóná. Alhájì Jazaa gba tirẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láìfẹnu kàn án.

"Kí ló tún kù?" Bàbá Mifleh bi í.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi oṣù kan há sórí," ni bàbá arúgbó náà dáhùn, "ó sì dára gan-an ni, gbogbo ilé wa jẹ́rìí sí i. Láti Ọjọ́rú ni mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Ọmọ yín la fẹ́, Bàbá Mifleh. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó. Bàbá Mifleh pe ọmọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá òun ṣì fẹ́ mi."

"Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ lọ́la, níwájú ẹ̀gbọ́n ẹ. Tó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, mi ò ní bá a jà." Ó yíjú sí àlejò. "Ní tèmi o, Alhájì, ẹ mu kọfí yín."

Wọ́n pa àgùntàn náà ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà tún ké igbe rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Wadha kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ààbò, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀gá náà ní kó lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Láti ibẹ̀ ló gba Ma'an lọ. Rakan wà lójú ọ̀nà tóóró tó wà níwájú yàrá Mifleh, ó dúró, kò jókòó bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ńṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Mifleh sì ń díbọ́n pé òun ń sùn.

"Mo ní kó o má sọ ọ́," Rakan ní.

"Mo gbọ́. Mo sọ ọ́ ṣá."

"Wadha, mò ń bínú sí ẹ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. "O bi mí níjọ́sí, mi ò lè dáhùn. Mò ń bínú sí ẹ, mò ń bínú sí ẹni tó sùn síbí yìí, mo sì ń bínú sí ara mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó o ní kí n máa bọ̀, mi ò tiẹ̀ wo dígí. Ìwọ lo sọ ọ́, ó tó fún mi."

"Dígí náà kò lè rí i."

"Mo mọ̀. Síbẹ̀, mi ò wò ó." Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, kò sì dín kù. Ṣùgbọ́n ìbínú yìí, mi ò mọ ìgbà tó máa tán. Ó lè pẹ́ o."

"Jẹ́ kó pẹ́," Wadha ní. Kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Má ṣáà jókòó sílé yín kó o máa bínú sí mi láti ọ̀ọ́kán. Wá máa bínú sí mi nílé tiwa méjèèjì. Màá se oúnjẹ, wàá jẹun, wàá tún máa bínú. Èmi náà á máa bínú sí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Tó bá tán, a jọ máa mọ̀."

Rakan wò ó títí. Nọ́ọ̀sì kan kọjá láàárín wọn pẹ̀lú àwo oògùn, wọ́n yà fún un.

"Ó dáa," ó ní. "Màá wá."